Ọdẹ Tí Kò Gbé Ìbọn: Yíya Àwòrán Ẹranko àti Kòkòrò ní Ibùgbé Wọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó jẹ ẹ́ nínú igbó, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tó ń ya àwòrán ẹranko mu pẹ̀lú. Òun náà ń jí ní ìdájí, ìrì ń sẹ̀ sí i lára, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn: bí ọdẹ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹran á kú, bí ayàwòrán bá mọ tirẹ̀, ẹran kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnìkan wá síbẹ̀. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo òfin iṣẹ́ náà dúró.

Ọdẹ ni ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú iṣẹ́ yìí. George Shiras, agbẹjọ́rò ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe aṣòfin nígbà kan, fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe. Àwọn Ojibwe, onílẹ̀ agbègbè àwọn adágún ńlá, a máa gbé iná sínú ọkọ̀ ojú omi lóru. Bí àgbọ̀nrín tó wá mu omi bá tẹjú mọ́ iná náà, wọn a pa á. Shiras lo ọgbọ́n yìí kan náà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló gbé dípò ìbọn. Ó tún ta okùn sójú ọ̀nà ẹran, tó fi jẹ́ pé ẹranko tó bá fara kàn án ni yóò ya àwòrán ara rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú àwọn àwòrán rẹ̀ jáde.

Kì í ṣe kámẹ́rà olówó gọbọi ni iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ ń bèèrè. Ìmọ̀ ìṣesí ẹranko ni. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, òórùn ara rẹ̀ ni yóò ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹran. Ẹni tí kò bá dá ipa ẹsẹ̀ mọ̀ kò lè mọ ibi tí yóò lúgọ sí. Bákan náà ni ti kòkòrò. Labalábá àti lámilámi kì í lè fò dáadáa nígbà tí ara wọn bá tutù. Oòrùn ni wọ́n ń yá kí apá wọn tó lè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, lámilámi tí ẹni tó dé etí odò lọ́sàn-án yóò máa sáré lé kiri, ẹni tó débẹ̀ láàárọ̀ kùtù á bá a lórí koríko, á sì fara balẹ̀ yà á.

Àwọn kan wà tí kò ní irú sùúrù yìí. Wọn a ti kòkòrò bọ inú fíríìjì kí òtútù lè mú un dákẹ́. Wọn a gé ẹ̀ka tó ṣíji bo ìtẹ́ ẹyẹ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Àwòrán náà lè dára lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá lọ tán, oòrùn á máa pa àwọn ọmọ ẹyẹ, àwòdì àti ejò á sì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè di irọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ètò ọwọ́ ènìyàn ló ń fi hàn bí ẹni pé ìṣe ẹranko ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, àwọn tó ń ṣètò ìdíje Wildlife Photographer of the Year ní Lọ́ńdọ̀nù gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ti ọdún 2009 padà, nítorí àwọn onídàájọ́ gbà pé ó ṣeé ṣe kí ìkookò inú àwòrán náà jẹ́ èyí tí ènìyàn ti tù lójú.

Ohun tí àwòrán òótọ́ lè ṣe hàn gbangba ní Nàìjíríà ní ọdún 2020. Ẹ̀yà gòrílà kan, ìnàkí ńlá, wà tó jẹ́ pé agbègbè ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ló ń gbé. Gbogbo wọn kò ju nǹkan bí 300 lọ. Ọdẹ ti lé wọn títí tí wọ́n fi ń sá fún ènìyàn gidigidi. Ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn tó ń ṣọ́ wọn pàápàá tó fojú kàn wọ́n. Ẹgbẹ́ Wildlife Conservation Society so kámẹ́rà mọ́ igi ní òkè Mbe, ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Kò sí ẹni tó ń tẹ̀ wọ́n; ooru ara ẹran tó ń kọjá ló ń mú wọn ṣiṣẹ́. Àwòrán tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Keje ọdún náà fi agbo gòrílà hàn pẹ̀lú ọmọ wẹẹrẹ tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀ síra. Ẹ̀rí nìyí pé ìran náà ṣì ń bímọ, kò sì sí ẹni tó dẹ́rù bà wọ́n kó tó rí ẹ̀rí náà.

Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò ní láti dé òkè Mbe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tata, agẹmọ àti aláǹgbá wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wo ẹ̀dá náà fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó yà á. Kó kọ ọjọ́, àkókò àti ibi tó ti rí i sábẹ́ àwòrán. Kó sì fi ewé àti ẹ̀ka sílẹ̀ bó ṣe bá wọn. Ẹran ọdẹ a máa tán nínú ìkòkò. Èyí tí ayàwòrán mú wálé ṣì wà láàyè nínú igbó, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì bá a níbẹ̀.