Èwo nínú "is" méjì ló máa bọ́ síwájú?

"Did Bola came?" Bí mo ṣe bi olùkọ́ wa nìyẹn ní JSS1. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò béèrè nǹkan kan mọ́ títí táàmù yẹn fi parí.

Ẹ wò ó, Yorùbá kàn máa ń fi "ṣé" síwájú ni: "Ṣé Bọ́lá wá?" Kò sí ọ̀rọ̀ tó kúrò láyè ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀ máa ń gbé ọ̀rọ̀ wá síwájú: "Bola is here" á di "Is Bola here?" Tí kò bá sí "is", "can" tàbí irú wọn ńbẹ̀, wọ́n á wá "do" kún un. "Did" ti sọ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá, torí náà "come" ò ní yí padà mọ́: "Did Bola come?"

Ó yá, ẹ gbìyànjú èyí: "The boy who is crying is hungry." "Is" méjì! Tí ẹ bá gbé àkọ́kọ́, á di "Is the boy who crying is hungry?" Ó dàrú. Èkejì ni, torí ìdì kan ṣoṣo ni "the boy who is crying", a kì í tú u.

Lọ́dún 1987, Stephen Crain àti Mineharu Nakayama fi irú gbólóhùn yìí dán àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wò. Àwọn kan ṣàṣìṣe, wọ́n tiẹ̀ fi "is" kún "is", àmọ́ kò sẹ́ni tó tú ìdì yẹn.

Tí ọmọ onílé bá ń ṣì í sọ, kí ló dé tí a fi ń fi ọmọ JSS1 ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ máa béèrè jàre.