Bí Ògiri Ṣe Ń Ba Fọ́tò Ẹyẹ Jẹ́ Nínú Àgbàlá Àbújá

Ẹyẹ ò wọ́n nínú àgbàlá ilé ní Àbújá. Láti Gwarinpa dé Kubwa, kí òòrùn tó mú, àdàbà á ti máa ṣa nǹkan jẹ lórí íńtálọ́ọ̀kì, ẹ̀gà á máa pariwo lórí igi máńgòrò, ológoṣẹ́ á máa bọ́ síta lábẹ́ páànù. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ yà wọ́n ní fọ́tò yóò rí i pé nǹkan mìíràn ló gba àwòrán náà mọ́ ẹyẹ lọ́wọ́: ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn ò tíì rẹ́, wáyà ẹlẹ́gùn-ún, táǹkì omi dúdú, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń di ẹ̀bi ru kámẹ́rà, wọ́n á wá máa tọ́jú owó lẹ́ńsì tuntun. Owó yẹn lè dúró ná. Bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó ṣe pàtàkì lóòótọ́, bí ẹ ṣe súnmọ́ ẹyẹ tó náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n bí ẹyẹ ṣe jìnnà sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò rárá, òun sì ni kò náni ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lẹ́ńsì 400mm tí wọ́n ṣí dé f/5.6 ní ihò ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ tó mìlímítà 71. Ká ní ẹyẹ wà ní mítà 5 sí yín, ibi tí yóò mọ́ kedere láti iwájú lọ sẹ́yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Bí ògiri bá wà ní mítà 1 lẹ́yìn ẹyẹ, tóńtó kọ̀ọ̀kan lára ògiri náà, tí a bá fi ara ẹyẹ wọ̀n ọ́n, á tàn ká ní mìlímítà 12 péré. Ìyẹn kéré. Búlọ́ọ̀kù kan gùn tó mìlímítà 450, nítorí náà ìlà sìmẹ́ńtì àárín wọn ṣì máa hàn gbangba. Ẹ wá gbé ẹ̀ka tí ẹyẹ ń bà lé kúrò níbẹ̀, kí ògiri di mítà 10 sí i: tóńtó yẹn á tàn dé mìlímítà 47. Ẹyẹ wẹ́wẹ́ tó ń jẹ hóró koríko lẹ́yìnkùlé wa, Spermestes cucullata, kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9 lọ, ìdajì ara rẹ̀ nìyẹn. Wáyà á pòórá, ìlà sìmẹ́ńtì á parẹ́ mọ́ ara ògiri. Kámẹ́rà kan náà ni o.

Ẹ̀ka gbígbẹ kan tí ẹ rì mọ́lẹ̀ ní gbangba ti tó, kí ẹ gbé abọ́ omi sí ìdí rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ń fa ẹyẹ ju ọkà lọ. Ẹ máa fọ abọ́ náà kí àrùn má bàa ràn láàárín wọn. Ẹ tún wo ibi tí ẹ dúró sí. Ẹni tó bá ń ya àdàbà láti òkè, íńtálọ́ọ̀kì ló máa wà lẹ́yìn ẹyẹ, kò sì jìnnà sí i rárá. Ẹ dọ̀bálẹ̀, kí kámẹ́rà bá ojú ẹyẹ dọ́gba. Ẹ̀yìn rẹ̀ á di ìpẹ̀kun àgbàlá.

Tí àgbàlá bá há, ẹ ta aṣọ. Seydou Keïta, onífọ́tò ọmọ ilẹ̀ Málì tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bamako lọ́dún 1948, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Nígbà tó yá, aṣọ ẹ̀yìn yẹn ló fi ń rántí ọdún tó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Àrà ara aṣọ rẹ̀ dùn ún wò lẹ́yìn èèyàn. Ti ẹyẹ yàtọ̀: aṣọ tí kò ní àrà, aláwọ̀ ewé tàbí ti ilẹ̀, ní mítà 3 lẹ́yìn ẹ̀ka, kí ẹ so ó le kí atẹ́gùn má máa gbá a, nítorí ẹyẹ á sá.

Ọyẹ́ ń ta aṣọ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárín oṣù Kejìlá sí Kejì, eruku á bo gbogbo ohun tó jìnnà, títí kan àpáta Aso. Wàhálà rẹ̀ ni pé Euplectes franciscanus, ẹyẹ tí akọ rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyin iná, kò ní ju aláwọ̀ ilẹ̀ lásán lọ lásìkò yẹn. Ìgbà òjò ló ń wọ ẹ̀wù pupa rẹ̀, ìgbà tí koríko ti ga tó sì dí mọ́ ọn lára.

Fóònù ńkọ́? Ihò lẹ́ńsì rẹ̀ kéré débi pé gbogbo nǹkan ló ń mọ́ kedere. Láti ìgbà tí iPhone 7 Plus ti gbé portrait mode dé lọ́dún 2016, kọ̀ǹpútà inú fóònù ló ń ṣe ẹ̀yìn tó rí bàìbàì, ó sì sábà máa ń gé ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ ẹyẹ mọ́ ọn. N kò gbà yín níyànjú láti lò ó. Ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà nu wáyà kúrò lè gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀, ṣùgbọ́n ìdíje Wildlife Photographer of the Year, tó ti wà láti ọdún 1965, máa ń béèrè fáìlì tó ti inú kámẹ́rà jáde. Ẹ má sì na lẹ́ńsì gígùn kọjá fẹ́ǹsì aládùúgbò. Mẹ́gáàdì ò ní kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹyẹ lẹ ń wò.

Kì í ṣe gbogbo ògiri ló yẹ ká lé jáde o. Iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas Project, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, ni láti mọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, fọ́tò ológoṣẹ́ lẹ́nu ihò búlọ́ọ̀kù sì sọ ibi tó ń gbé fún ẹni tó ń wò ó. Fún irú èyí, ẹ dúró de àárọ̀ tí òòrùn á kan ẹyẹ nígbà tí ògiri ṣì wà lábẹ́ òjìji, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà kù díẹ̀.