Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Awakọ̀ Rẹ̀ Wà Lórí Ilẹ̀
Ará Sokoura ní Bouaké tó bá dé Abidjan lè wọ ọkọ̀ ojú omi SOTRA kọjá ọ̀sà Ébrié. Awakọ̀ á wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Finland, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2018, ọkọ̀ Falco gbé 80 àlejò láti Parainen lọ sí Nauvo láìsí ẹni tó tù ú. Nígbà tó ń padà, ọ̀gá awakọ̀ kan tó jókòó ní ìlú Turku, nǹkan bí 50 kìlómítà sí ibẹ̀, ló ń darí rẹ̀ láti ojú kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ bá wá já sómi ńkọ́? Ojú lè ríran láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń tukọ̀, ó yẹ kí ẹni tó mọ̀wẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀.