Òrùka Tó Ń Fi Ìmọ́lẹ̀ Mú Purotéènì

Wọ́n ní ká wọ ìbọ̀wọ́ kí a tó sún mọ́ tábìlì. Tábìlì irin ńlá ni, afẹ́fẹ́ ló gbé e ró kí gbígbọ̀n ilẹ̀ má baà dé orí ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Láàárín rẹ̀ ni pẹlẹbẹ sílíkọ́nì kan wà, kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Yàrá ìwádìí kan nílùú Ghent la wà, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m.

Mo yọjú wo inú máíkrósíkóòpù. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún ojú pẹlẹbẹ náà, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ sì ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Gíga rẹ̀ jẹ́ 220 nánómítà, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 450. Òrùka kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́ láì kàn án. Ìmọ́lẹ̀ lésà tó ń gba ibẹ̀ kọjá, ojú ènìyàn kò lè rí i. Kọ̀ǹpútà la fi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ìgbì tó bá bá òrùka mu gẹ́lẹ́ ló ń há sínú rẹ̀ tí á máa yí po. Ìdí nìyẹn tí kòtò kan fi yọ lójú ìlà tí kọ̀ǹpútà ń yà.

Díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún ń yọ síta bí òórùn ọbẹ̀ ṣe ń yọ lábẹ́ ìdérí, kì í sì í jìnnà kó tó pòórá. Bí purotéènì bá wá lẹ̀ mọ́ ojú sílíkọ́nì, á lé omi kúrò níbẹ̀. Purotéènì ń fa ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn ju omi lọ, nítorí náà kòtò á sún. Kò sí aró, kò sí àmì kankan tí a lẹ̀ mọ́ ohun tí à ń wá. Èyí ló wú mi lórí jù: òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé òun ti dé.

Ọmọbìnrin tó ń darí iṣẹ́ náà ti fi fítámì tí à ń pè ní biotin bo òrùka sílẹ̀. Ó jẹ́ kí omi oníyọ̀ ṣàn kọjá. Kòtò dúró lójú kan. Ó wá tú avidin sí i, ìyẹn purotéènì inú funfun ẹyin tí í gbá biotin mú. Kòtò gbéra sọ́tùn-ún, ó yára, ó falẹ̀, ó dúró. Ó fi omi oníyọ̀ ṣàn án. Kò padà sẹ́yìn. Lọ́dún 2007, Katrien De Vos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìlú yìí kọ ọ́ síta pé irú òrùka bẹ́ẹ̀ lè rí 10 nánógíráàmù purotéènì nínú mílílítà omi kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí sí i," ni ọmọbìnrin náà wí. Ooru ni ọ̀tá àwọn òrùka yìí. Digírì kan péré lè sún kòtò ní nǹkan bí 70 píkómítà. Òrùka kejì tí kò ní biotin wà níbẹ̀ nítorí èyí: ooru ń sún àwọn méjèèjì bákan náà, wọ́n á sì yọ tèkejì kúrò nínú ti èkíní.

Mo bi í nípa ẹ̀jẹ̀. Ó ní ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi, wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ibi tí a kò pè wọ́n sí. Òrùka a máa ka gbogbo wọn láì mọ èyí tí à ń wá. Ní tèmi, ohun tí wọ́n bá fi bo ojú sílíkọ́nì ló máa pinnu bóyá ẹ̀rọ yìí á wúlò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, ju lésà àti kọ̀ǹpútà lọ. Pẹlẹbẹ mìíràn tí wọ́n ti fi polyethylene glycol bò, kí purotéènì àjèjì má baà rí ibi dúró, ló gbé sórí tábìlì tẹ̀ lé e.