Tẹ́tẹ́ orí ayélujára ní Ìlú Ọba: ta lẹ máa dógò tì bí wọn ò bá sanwó?

Láyé ìgbà tí púùlù gbòde, àwọn bàbá wa n'Íbàdàn mọ orúkọ Rochdale àti Stenhousemuir ju orúkọ abúlé tó wà lẹ́yìn ilé wọn lọ. Bọ́ọ̀lù Ìlú Ọba ni wọ́n ń ta lé, ṣùgbọ́n ará àdúgbò ni ajẹ́ńtì tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ owó wọn mọ́lẹ̀, wọ́n mọ ilé rẹ̀. Wọ́n lè lọ dógò tì í lẹ́nu ọ̀nà títí ojú á fi tì í. Lónìí, inú fóònù ni ilé tẹ́tẹ́ wà. Kò lójú, kò sì ní ẹnu ọ̀nà. Fún Yorùbá tó ń gbé ní Britain, àti ẹnikẹ́ni mìíràn tó ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kì í ṣe ilé tó ń fúnni ní èènì jù, bí kò ṣe ẹni tí yóò lọ bá bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ.

Orúkọ ilé tẹ́tẹ́ tó wà lára jẹ́sì agbábọ́ọ̀lù kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Gambling Commission, àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ ní Britain, kéde pé TGP Europe, ilé iṣẹ́ kan tó fìdí kalẹ̀ sí erékùṣù Isle of Man, ti dá ìwé àṣẹ rẹ̀ padà. Ìwé àṣẹ yìí ni ilé iṣẹ́ náà fi ń gbé orúkọ àwọn ẹlòmíràn wọ Britain, pàápàá àwọn ilé tẹ́tẹ́ tó jẹ́ pé Éṣíà ni oníbàárà wọn wà. Aṣọ àyálò ni wọ́n wọ̀, òun náà sì ló gbé orúkọ wọn dé àyà àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì Premier. Àjọ náà ní bó bá fẹ́ dúró, kó san ìtanràn mílíọ̀nù 3.3 pọ́n-ùn, kó sì tún ilé rẹ̀ tò, torí kò yẹ àwọn tó ń yá láṣọ wò dáadáa. Ó yàn láti kó ẹrù rẹ̀. Ni àjọ bá kọ̀wé sí Bournemouth, Fulham, Newcastle, Wolves àti Burnley pé kí wọ́n rí i dájú pé ará Britain kò rí ọ̀nà wọ ìkànnì àwọn onígbọ̀wọ́ wọn tí kò ní àṣẹ. Ẹ ò rí nǹkan: orúkọ tí òǹwòran ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò gbọdọ̀ bá a ta.

Ibi tí ẹ jókòó sí ni òfin ń wò

Òfin tẹ́tẹ́ ọdún 2005 ló dá Gambling Commission sílẹ̀. Birmingham ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Lákọ̀ọ́kọ́, ilé tẹ́tẹ́ tó bá ní àṣẹ Gibraltar tàbí Malta lè máa ta fún ará Britain láìsí wàhálà. Òfin mìíràn tó jáde lọ́dún 2014 ló fòpin sí ìyẹn. Láti oṣù Kọkànlá ọdún náà, ibi tí oníbàárà wà ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí ilé tẹ́tẹ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ì báà ṣe Malta, ì báà ṣe Curaçao, bí ẹni tó ń tẹ fóònù bá ti wà ní Peckham, ilé tẹ́tẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ Birmingham. (Àríwá Ireland ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀.)

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tiwa tó ṣì ń fi áàpù tẹ́tẹ́ ilé ta láti Ìlú Ọba. Àṣẹ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún ilé tẹ́tẹ́ kì í báni wọ bàálù.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá

Ẹ ṣí ìkànnì náà, kí ẹ fi ìka fà á títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí gbólóhùn kan tó ń sọ pé ilé iṣẹ́ báyìí báyìí ló ni ìkànnì yìí, pé Gambling Commission ló fún un ní àṣẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí. Wọ́n rí àmì àjọ, ọkàn wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán lásán ni àmì yẹn. Ọmọ iléèwé girama tó mọ kọ̀ǹpútà lò lè gé e níbìkan kó sì lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn.

Ẹ má tẹ ìlujá tí wọ́n fún yín. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣí gamblingcommission.gov.uk, kí ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ gbangba, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà yẹn sí i. Bó bá jẹ́ òótọ́, orúkọ ilé iṣẹ́ náà á jáde, ẹ ó rí i bóyá àṣẹ rẹ̀ ṣì múlẹ̀, tàbí ó ti dá a padà, tàbí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi wà nísàlẹ̀ díẹ̀: àdírẹ́sì gbogbo ìkànnì tí àṣẹ náà bò. Ẹ fi wé èyí tó wà lórí fóònù yín, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí tinú ìwé bá parí sí .co.uk, tí tiyín wá ní nọ́ńbà 7 láàárín, tó sì parí sí .com, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jí nọ́ńbà onínọ́ńbà lò.

Ojú ewé yẹn náà ló ń sọ ìyà tí wọ́n ti fi jẹ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀rù má bà yín bí ẹ bá rí orúkọ ńláńlá níbẹ̀. William Hill nìkan gba láti san mílíọ̀nù 19.2 pọ́n-ùn ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ara ohun tó sì fà á ni oníbàárà kan tó ṣí àkáǹtì tuntun, tó ná 23,000 pọ́n-ùn láàárín 20 ìṣẹ́jú láìsí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ìwé àṣẹ kò sọ ilé tẹ́tẹ́ di ẹni mímọ́. Ó kàn jẹ́ kí ẹnìkan lè fà á létí ni.

Àwọn àmì tí kò fara sin

Kí ẹ tó dé ìdí ìwé àkọsílẹ̀ pàápàá, àwọn nǹkan kan wà tó ń tú àṣírí. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2020, ilé tẹ́tẹ́ tó ní àṣẹ kò gbọdọ̀ gba káàdì àwìn, ìyẹn káàdì tí báńkì fi ń yáni lówó ná. Owó tó wà nínú àkáǹtì ẹni nìkan lèèyàn lè fi ta. Ìkànnì tó bá ní kí ẹ fi káàdì àwìn sanwó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Bákan náà ni èyí tó bá ń ṣògo pé òun kì í béèrè ìwé ìdánimọ̀: òfin ní kí wọ́n mọ orúkọ yín, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹ ti pé ọmọ ọdún 18, kí ẹ tó ta ohunkóhun. (Ìdí tún nìyí tí kò fi dáa kéèyàn máa fi àkáǹtì ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n ta. Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, orúkọ tó wà nínú ìwé ni wọ́n máa mọ̀.) Ìkànnì tó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ san "owó orí" kí òun tó san èrè yín, olè ni, torí ẹni tó bá jẹ tẹ́tẹ́ ní Britain kì í san owó orí lé e.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìpolówó tó ń sọ pé ìkànnì kan "kò sí lórí GAMSTOP". GAMSTOP ni ìwé tí ẹni tí tẹ́tẹ́ ti wọ̀ lára fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Èèyàn á forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á yan oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún, gbogbo ilé tẹ́tẹ́ orí ayélujára tó ní àṣẹ á sì tì í síta. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ó ti di dandan fún gbogbo wọn. Bí ẹni náà bá sunkún, bó bẹ̀bẹ̀, wọn kò ní ṣí i títí àkókò tó yàn á fi pé. Wàyí o, ta ló máa ń wá ìkànnì tí kò sí lórí GAMSTOP? Ẹni tó ti ti ilẹ̀kùn tó sì ju kọ́kọ́rọ́ sódò ni. Ẹni yẹn gan-an ni wọ́n ń polówó fún. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí a lè pè é ju pé wọ́n ń ṣọdẹ aláìsàn.

Owó yín ńkọ́, bí ilé tẹ́tẹ́ bá wọko gbèsè?

Báńkì ní ètò ìdáàbòbò tí ìjọba gbé kalẹ̀. Àkáǹtì tẹ́tẹ́ kò ní. Ohun tí àjọ béèrè ni pé kí ilé tẹ́tẹ́ sọ fún yín nínú àdéhùn rẹ̀ ọ̀kan nínú ipò mẹ́ta tí owó yín wà: kò ní ààbò rárá, ó ní ààbò díẹ̀, tàbí ó ní ààbò tó péye. Ó yẹ kéèyàn wá gbólóhùn yìí kó tó fi owó síbẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí kò ní ààbò, tí ilé iṣẹ́ náà sì wọko gbèsè, owó yín á di ara ohun tí àwọn olówó rẹ̀ máa pín.

Ẹ bi àwọn tó wà nínú Football Index. Ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìwé àṣẹ Gambling Commission. Ó sọ bọ́ọ̀lù di ọjà ìpín: oníbàárà á ra "ìpín" lára agbábọ́ọ̀lù, bí agbábọ́ọ̀lù náà bá ń ṣe dáadáa, èrè á máa wọlé. Ó jọ òwò gidi, tẹ́tẹ́ sì ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2021, ilé iṣẹ́ náà gé èrè náà kù, iye ìpín já wálẹ̀ lọ́gán, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Ohun tó há sínú rẹ̀ lé ní 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ìwádìí tí ìjọba ní kí agbẹjọ́rò àgbà Malcolm Sheehan ṣe bá Gambling Commission pàápàá wí pé ó fi nǹkan falẹ̀. Nítorí náà, bí ohun tí wọ́n ń tà fún yín bá ṣòroó ṣàlàyé fún ẹlòmíràn, ẹ má fi nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn tu ara yín nínú.

Ibi tí àṣẹ ti wúlò jù

Bí ìjà bá dé, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti dá yín lóhùn. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni IBAS. Gambling Commission fúnra rẹ̀ kì í báni gba owó, iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ilé ẹjọ́ sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ọkùnrin kan jẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 pọ́n-ùn lórí eré káàdì tó fi fóònù ta lọ́dọ̀ Betfred. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe, pé àdéhùn àwọn sì ti sọ pé àwọn kì í san irú owó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ gíga London dá ọkùnrin náà láre, pé àdéhùn náà kò yé ẹni tó ń ta, kò sì bójú mu. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tó fi dúró, ṣùgbọ́n ó rí ẹni dógò tì. Ká ní ìkànnì tí kò lórúkọ ló ti jẹ ẹ́, ta ni ì bá pè lẹ́jọ́?

Èènì àti ìṣirò rẹ̀

Èènì tẹ́tẹ́ kò dà bí ti ìyá oníṣu. Ká ní wọ́n fún yín ní 10 pọ́n-ùn, wọ́n ní kí ẹ fi ta ìlọ́po 40 kí ẹ tó lè mú un lọ sílé. 400 pọ́n-ùn lẹ máa ta nìyẹn. Bó bá jẹ́ kàlòkàlò orí ayélujára lẹ fi ta á, tó sì ń dá 95 padà nínú 100, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe, 20 pọ́n-ùn ni ó máa jẹ́ àdánù yín tí a bá pín in dọ́gba, lórí èènì 10 pọ́n-ùn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026, àjọ ti ní ìlọ́po náà kò gbọdọ̀ ju 10 lọ. Ìkànnì tó bá ṣì ń béèrè 40 ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Òfin tún dín ọwọ́ kàlòkàlò fúnra rẹ̀ kù. Ẹ kò lè yí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Láti ọdún 2025, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 25 kò lè fi ju 5 pọ́n-ùn ta lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọdún 18 sí 24 kò lè kọjá 2 pọ́n-ùn. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá yí i láìdúró ní wákàtí kan yí i nígbà 1,440. Lórí 5 pọ́n-ùn, 7,200 pọ́n-ùn ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, 360 pọ́n-ùn ni ilé tẹ́tẹ́ sì ń retí láti inú rẹ̀. Ìkànnì tó ní àṣẹ pípé nìyẹn o, tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́ jẹ.

Ọ̀pọ̀ báńkì Ìlú Ọba ní bọ́tìnnì kan nínú áàpù wọn tó ń dí ọ̀nà owó tẹ́tẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kọjá bọ́tìnnì, fún yín tàbí fún èèyàn yín, ẹ pe 0808 8020 133, nọ́ńbà àwọn tó ń ran ẹni tí tẹ́tẹ́ ti wọ̀ lára lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń gbé e tọ̀sán-tòru.