Ta Ni Ká Yọ Nínú Àjọ?



Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Amúkòkò pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá rẹ̀ ni olórí àjọ kan ní àdúgbò wọn, ọgọ́ta èèyàn ló sì fẹ́ dá a lọ́dún yìí: àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ayálégbé, àwọn tó ń wa tírélà wọ èbúté Àpápá. Ẹ kúkú mọ bí àjọ ṣe ń rí. Bí ẹnì kan bá kó tiẹ̀ lóṣù kìíní tó wá di àwátì, owó àwọn tó kù ló gbé lọ yẹn. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ti ń sọ pé, "Bí lágbájá bá wà níbẹ̀, ẹ yọ tèmi kúrò." Màmá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ní méjì-méjì. Ìbéèrè wọn ni pé: àwọn wo ni kí wọ́n bẹ̀ pé kí wọ́n sinmi lọ́dún yìí, tí ìjà kankan ò fi ní sí láàárín àwọn tó kù, tí àwọn tí wọ́n yọ ò sì ní pọ̀?

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "NP-hard nìyẹn o."

Ó ní, "Prof, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, sà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù ni Màmá fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọdún gbọọrọ ni mo fi dúró níwájú yín tí mò ń kọ́ yín bíi pé tá a bá ti pe ìṣòro kan ní NP-hard, ó ti parí nìyẹn. Kò parí rárá.

Lóòótọ́, ìṣòro Màmá wà nínú mọ́kànlélógún tí Richard Karp tò jọ lọ́dún 1972. Vertex Cover là ń pè é. Kò tíì sẹ́ni tó rí ọ̀nà tó yá fún gbogbo ìwé ìjà téèyàn lè gbé wá. Tẹ́ ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo bá a ṣe lè ṣa èèyàn nínú ọgọ́ta wò, tó ń yẹ mílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa lo ohun tó lé ní ọdún 36,000.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò bi í. Mo wá bi í pé, "Èèyàn mélòó ni Màmá lè yọ?" Ó ní wọn ò lè yọ ju mẹ́ta lọ, tó bá jù bẹ́ẹ̀, àjọ ti bàjẹ́. Háà! Mẹ́ta yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ gbọ́ ná. Ẹ mú ìjà kan ṣoṣo nínú ìwé yẹn, ká ní ìyá elélùbọ́ àti bàbá fọkanáísà. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jáde. Torí náà ojú ọ̀nà méjì ló wà: ẹ gbìyànjú yíyọ ìyá, ẹ tún gbìyànjú yíyọ bàbá lọ́tọ̀. Lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ fa igi lé gbogbo ìjà ẹni tẹ́ ẹ yọ, kẹ́ ẹ wá mú ìjà mìíràn tó ṣẹ́ kù. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Ó tán! Tí ìjà bá ṣì kù lópin ọ̀nà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, a jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta ò tó. Ká tiẹ̀ ní mẹ́wàá ni Màmá lè yọ, ọ̀nà 1,024 péré ni. Tá a bá ní ká máa ṣa mẹ́wàá nínú ọgọ́ta láìlo ọgbọ́n yìí, ó lé ní bílíọ̀nù 75. Ẹ sì kíyè sí i pé ọgọ́ta ò sí nínú 1,024 yẹn. Bí wọ́n bá di 600, ìwé tá a máa yẹ̀ wò ló gùn sí i, ọ̀nà ò pọ̀ sí i.

Ọgbọ́n kan tún wà tí wọ́n fi sọrí Samuel Buss, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹnì kan wà nínú ìwé Màmá tí èèyàn méje ò fẹ́ bá dá àjọ. Tó bá dúró, àwọn méjèèje ló máa jáde, mẹ́ta péré sì ni Màmá ní. Nítorí náà òun ló ń lọ, kò sí àríyànjiyàn. Ó wá ku méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ní ìjà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ń lọ. Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, èèyàn méjì ò lè parí ju ìjà mẹ́rin lọ. Bí ó bá ku márùn-ún nínú ìwé, kò ṣeé ṣe nìyẹn, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

Rod Downey, tó ṣiṣẹ́ ní Wellington ní New Zealand, àti Michael Fellows, ará Amẹ́ríkà, ló sọ irú èrò yìí di ẹ̀kọ́ gidi. Ìwé wọn, Parameterized Complexity, jáde lọ́dún 1999. Nọ́ńbà kékeré bíi mẹ́ta Màmá yẹn ni wọ́n ń pè ní parameter.

Ẹ má wá rò pé nọ́ńbà kékeré èyíkéyìí ló máa ràn yín lọ́wọ́ o. Ká ní Màmá sọ pé, "Ẹ ṣáà wá èèyàn mẹ́wàá tí ò bára wọn jà fún mi." Ìwé yẹn náà ni, ìjà yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mú ìjà kan, kò sọ ẹni tó máa wà nínú mẹ́wàá yẹn fún yín. Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ò sí níbẹ̀. Downey àti Fellows fi èyí sí ìsọ̀rí tí wọ́n pè ní W[1], ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé kò ní gba irú ọgbọ́n yìí láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni ìbéèrè méjèèjì jọ lójú, síbẹ̀ ìwà wọn ò jọra.

Ó tún pè mí ní Sátidé. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ẹni tí èèyàn méje kọ̀, ìjà mẹ́ta ló kù, èèyàn méjì sì parí ẹ̀. Bíírò ló fi ṣe é, kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹni tí èèyàn méje kọ̀ yẹn, àbúrò Màmá ni. Wọn ò tíì sọ fún un.