Ẹnu Kò Lè Sọ Ọ́, Òkúta Ló Bá Wọn Sọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ ibojì ìyá wa ló gbé mi dé Ìlíṣàn-Rẹ́mọ lóṣù tó kọjá. Ó ti pé ọdún kan tí a sin wọ́n, àwa ọmọ sì ti sọ pé a ó ṣe ojú oórì náà kí òjò tó wó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni o. Ìpàdé tí kò yẹ kó gbà ju wákàtí kan lọ, àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní mábù ni òun fẹ́, kí kìnnìún méjì sì jókòó síwájú rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo ní, "Bọ̀dá, kìnnìún wo ni Màmá bá pàdé rí ní Ìlíṣàn níbí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi àwọn nìkan. Àǹtí mi, tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ká lára gidigidi, ní ère kankan kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, pé òrìṣà ni. Àbúrò wa ní kí á kó owó náà fún àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé, pé òkú kì í wo mábù. Ẹ ò rí i pé kálukú ló ní ẹjọ́ tó mọ́gbọ́n wá?

Bíríkìlà tí a pè wá kàn jókòó, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ àdúgbò ni, ó mọ Màmá dáadáa, àìmọye ìgbà ló ti ra obì láwìn lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí a pariwo tán ló tó lanu. Ó ní: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo lè fi símẹ́ńtì mọ Màmá bí wọ́n ṣe máa ń jókòó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni mo ní. Kí ni kí ọwọ́ wọn máa ṣe?"

Àwa mẹ́rin la jọ wà níbẹ̀, ọmọ bíbí inú wọn. Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn.

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Òun ló jẹ́ kí n máa wádìí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tó ń gbẹ́ òkúta, kí n sì máa ronú pé kí ni wọ́n ń wá nínú nǹkan tó le bẹ́ẹ̀ yẹn. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ilẹ̀ tiwa ná. Ìlíṣàn kì í ṣe ìlú àpáta bíi Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ pupa ni tiwa, ilẹ̀ obì. Òkúta tó sún mọ́ wa jù ni òkúta ẹfun tó wà ní Ṣàgámù, èyí tí wọ́n ń wú nínú ilẹ̀ láti fi ṣe símẹ́ńtì. Iléeṣẹ́ símẹ́ńtì tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Wọ́n á lọ òkúta náà kúnná, wọ́n á sun ún nínú iná, á wá padà bá wa nínú àpò. Nítorí náà, bí bíríkìlà Rẹ́mọ bá fi símẹ́ńtì mọ èèyàn sójú oórì, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Òkúta ilẹ̀ rẹ̀ náà ló ń mọ.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ á tètè yé. Símẹ́ńtì, à ń fi kún un ni. Bí imú bá kéré, o lè bu díẹ̀ lé e. Òkúta kò rí bẹ́ẹ̀, à ń yọ kúrò lára rẹ̀ ni. Bí sísẹ́lì bá ti gé imú lọ, ó tán, kò sí bó o ṣe fẹ́ lẹ̀ ẹ́ padà. Ìdí nìyẹn tí agbẹ́kùúta kì í fi í kánjú, tó sì jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tó wà lọ́kàn òun kó tó gbé òòlù.

ÀWỌN TÓ JÓKÒÓ NÍ Ẹ̀SÍẸ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá ń sọ̀rọ̀ òkúta tó ní ojú, tó ní ẹnu, Ẹ̀síẹ́ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ. Lọ́dọ̀ àwọn Ìgbómìnà ló wà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ni wọ́n bá níbẹ̀, nínú igbó. Ní 1933 ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ramshaw, tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé ìjọ C.M.S., gbé ìròyìn wọn jáde síta, ṣùgbọ́n àwọn ará Ẹ̀síẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́tipẹ́ kó tó dé. Ní 1945 wọ́n ṣí mùsíọ́mù síbẹ̀. Òun ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà o, kì í ṣe ti Èkó, kì í ṣe ti Ifẹ̀.

Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn kì í ṣe èyí tó le. Ó rọ̀, bí o bá fọwọ́ pa á, á máa yọ̀ bí ọṣẹ, èékánná lásán lè fa ilà sí i lára. Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èrò ọkàn mi ni pé n ó kàn rí òkúta tó jọra wọn tò lọ bẹẹrẹ. Irọ́ ni! Ẹni kan jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ lé orúnkún. Ẹlòmíràn ń lu ìlù. Obìnrin wà níbẹ̀ tó mú idà lọ́wọ́, ẹ gbọ́ ná, obìnrin! Irun tó wà lórí wọn, ẹni tó bá ń dirí lọ́jà á dúró wò ó títí. Àwọn kan ní ilà lójú, àwọn kan wọ ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Èyí tó kéré kò tó ìgbọ̀nwọ́, èyí tó ga jù lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Púpọ̀ ti fọ́, orí ti ya kúrò lọ́rùn.

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà Ẹ̀síẹ́, wọ́n á ní èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Wọ́n sì ní ọba láàárín wọn, Ọba Ère, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní tiwọn sọ pé ọwọ́ ọmọ èèyàn ló gbẹ́ wọn ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Kò sí orúkọ agbẹ́kùúta kan ṣoṣo tó kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yẹn ni mo fara mọ́ jù, torí ẹni tó bá dúró síwájú wọn á mọ̀ pé ẹnì kan wà tí agbẹ́kùúta náà ń rántí. Kò sí bí o ṣe lè gbẹ́ ìyá tó jókòó bẹ́ẹ̀ yẹn bí o kò bá tíì jókòó ti ìyá kan rí.

Ti Òṣogbo kò ní pẹ́ wa, torí ọ̀pọ̀ yín ló ti débẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950. Ikọ́ ẹ̀gbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Lẹ́yìn àìsàn náà ló fi gbogbo ayé rẹ̀ fún òrìṣà, tó sì tún igbó Ọ̀ṣun ṣe títí ó fi kú lóṣù kìn-ín-ní 2009. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí tó bá a ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ símẹ́ńtì ibẹ̀. Bíríkìlà gidi, tó ń mọlé fún èèyàn! Buraimoh Gbadamosi sì wà láàárín wọn, òkúta ni ó ń gbẹ́ ní tirẹ̀, ojú ńláńlá tó ń wò ọ́ ràn-ìn. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

ÀWỌN TÓ TA TÁBÀ TÌ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ilẹ̀ Zimbabwe. Orúkọ ilẹ̀ náà gan-an, ilé òkúta ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Ṣónà.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Rodéṣíà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Joram Mariga. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ìjọba gbà á sí. Láàárín 1957 sí 1958, wọ́n ń la títì ní ẹkùn tó ti ń ṣiṣẹ́, òkúta aláwọ̀ ewé kan jáde, kò le. Ó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Ó kọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òyìnbó kan, Frank McEwen, tó jẹ́ olórí ilé àwòrán ńlá tí wọ́n ṣí lólú ìlú wọn ní 1957, rí iṣẹ́ wọn, ó sì ń gbé e lọ sílẹ̀ òkèèrè.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òṣèlú dé. Ní 1965, ìjọba àwọn òyìnbó ibẹ̀ kéde òmìnira tiwọn láìgba àṣẹ, ayé bá kọ̀, wọn ò rajà lọ́wọ́ wọn mọ́. Àgbẹ̀ tábà kan, Tom Blomefield, kò rí tábà tà dáadáa mọ́. Òkúta tó le, tó dúdú, wà nínú oko rẹ̀ ní Tengenenge. Ní 1966, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ oko máa gbẹ́ òkúta. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà. Láti Màláwì, Àǹgólà, Mòsáńbíìkì ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́ oko. Ẹ wo ẹni tó jìnnà sílé, tí kò gbọ́ èdè ẹni tó sùn tì í, tí wọ́n wá gbé òkúta fún pé kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òkúta náà ló wá di ẹnu wọn. Henry Munyaradzi dé ibẹ̀ ní 1967, iṣẹ́ ló ń wá kiri. Ìgbà tó máa kú ní 1998, àwọn ilé àwòrán ńlá nílẹ̀ òyìnbó ti ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ fún aráyé wò. Nicholas Mukomberanwa, ọlọ́pàá ni. Ó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀ nítorí òkúta, àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin sì jogún iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ dákun, ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ níbẹ̀ ni Colleen Madamombe. Wọ́n bí i ní 1964. Àwọn èèyàn ní òkúta yẹn le jù fún obìnrin. Kò gbọ́. Obìnrin ló ń gbẹ́ ṣáá: obìnrin tó lóyún, obìnrin tó pọnmọ, obìnrin tó sanra tó ń rìn lọ pẹ̀lú ìgbéraga bí ẹni tí ọjà rẹ̀ tà. Òkúta tó ń lò ní èèpo lára, èèpo náà pọ́n bí ilẹ̀, inú rẹ̀ dúdú. Àwọn mìíràn á ṣá èèpo náà dànù. Òun á fi í sílẹ̀ kó di aṣọ àti irun, ojú àti ọwọ́ nìkan ló máa ń dán. Bí wọ́n sì ṣe ń mú un dán nìyí: wọ́n á fi omi àti sáńdípépà bó o lẹ́ẹ̀mẹfà lẹ́ẹ̀méje, wọ́n á fi iná yá a gbóná, wọ́n á wá fi ìda pa á, ìda á mu wọ inú òkúta, dúdú rẹ̀ á sì jáde. Ó kú ní 2009, kò tó ọmọ àádọ́ta ọdún. Àwọn obìnrin tó gbẹ́ ṣì dúró.

Ohun tí mo rí nínú gbogbo èyí ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn èèyàn wọ̀nyí tó gbẹ́ kìnnìún torí pé aládùúgbò rẹ̀ ní kìnnìún. (Bọ̀dá, ẹ má bínú.) Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni wọ́n ń gbẹ́.

Mo wá padà sí Ìlíṣàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. A ti pe ìyá kan tí òun àti Màmá jọ ń ta gbàǹja fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bíríkìlà tún béèrè ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ìyá náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní:

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan kọ́ ni wọ́n bí?"

A mọ̀ pé ọmọ kan kú kí wọ́n tó bí Bọ̀dá. Ìyẹn nìkan la mọ̀. Màmá kò sọ ọ́ rí, a kò sì béèrè rí. Ìyá náà ní bí àwọn bá ti rẹ obì sómi, tí àwọn jókòó láti bó èèpo funfun ara rẹ̀, Màmá nìkan ni kì í bá àwọn dá àpárá. Wọ́n á sorí kọ́, wọ́n á máa bó obì, omi á máa bọ́ lójú wọn sínú apẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, wọ́n á ní èéfín ni. "Iná wo ló sì ń jó níbi tí wọ́n ti ń bó obì?" Bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tí wọ́n fi etí ìró nu ojú ara wọn.

Àǹtí mi, tó ní òrìṣà ni, dìde, ó bọ́ síta. Ìgbà tó padà wọlé, ó ní bí ojú kò bá sáà ti hàn, òun kò ní jà mọ́. Àbúrò wa náà ní kí á pín owó náà sí méjì, kí ìdajì lọ fún àwọn ọmọ. Bọ̀dá kò sọ̀rọ̀ mábù mọ́.

Símẹ́ńtì àpò mẹ́fà ni bíríkìlà lò pẹ̀lú irin. Ó fi Màmá jókòó sórí àpótí, ó sorí wọn kọ́, gèlè bo iwájú orí, ojú kò hàn. Apẹ̀rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ọwọ́ méjèèjì ń bó obì kan. Ibi àtàǹpàkò ló ti pẹ́ jù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wó o tó tún un mọ, ó ní kò jọ ti Màmá.

Kò tíì gbẹ nígbà tí mo ń bọ̀. Òjò ṣú, wọ́n sì ya àwọn àpò símẹ́ńtì tó ti ṣófo, wọ́n fi bo ọwọ́ náà.